Ẹ̀rọ agungi àti ayùn orí ọ̀pá: èwo ló yẹ oko tíìkì?

Tíìkì tí a kò bá rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ lásìkò, kókó ni yóò kún inú pákó rẹ̀. Ní Jàpáànì, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan fún igi sugi, igi pákó tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn: táyà rẹ̀ á di ìtì mú, á máa yí igi po gòkè, ayùn rẹ̀ á sì máa gé ẹ̀ka mọ́ ara igi. Ilẹ̀ lẹni tó ń darí rẹ̀ wà, kò sẹ́ni tí yóò já bọ́. Èyí wú mi lórí gan-an. Ṣùgbọ́n ìtì gbọ́dọ̀ tọ́, ẹ̀ka gbọ́dọ̀ tínínrín, ẹ̀rọ náà sì wúwo.

Ayùn orí ọ̀pá tí a ń fọwọ́ fà kò fẹ́ pẹtiróòlù, igi tó wọ́ kò dí i lọ́wọ́. Ọrùn ló máa ń dunni. Fún oko kékeré lẹ́bàá Iléṣà, òun ni mo fara mọ́.