Tang méjì nínú omi kan: èwo ló yẹ kí a rà pọ̀?

Ẹni tí ó bá ti ní tang kan, irú ẹja òkun tí a ń sìn nílé, nínú àpótí gíláàsì olómi iyọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó fẹ́ èkejì. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kù kí olùrà wo bí koto náà ṣe tóbi tó àti irú àgbò tí ó fẹ́ kó jọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tí ó ń gbèrò rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí mú lọ́kàn ni pé kí ó ra tang tí kò jọ èyí tí ó ti ní, ní ìrísí ara àti ní ọ̀nà tí ó ń gbà jẹun.

Ìdílé Acanthuridae ni gbogbo tang ti wá. Bí ó bá jẹ́ àwa ni a sọ wọ́n lórúkọ, ẹja olóólà ni ì bá yẹ wọ́n, nítorí pé abẹ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan níbi tí ìrù ti so mọ́ ara, òun ni wọ́n sì fi ń ya ẹlòmíràn lára nígbà tí ìjà bá dé. Ìjà náà nídìí. Ewé tí ó ń hù lára òkúta inú òkun ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ, nítorí náà ẹja tí ó bá jọ wọ́n, tí ó sì ń jẹ ohun kan náà, olè oko ni lójú wọn.

Zebrasoma flavescens, aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn oníṣòwò ń pè ní yellow tang, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, òun ni mo sì fi ń wọn àwọn yòókù. Ó lè gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹnu rẹ̀ sì yọ ṣọnṣọ síwájú bí ẹnu ẹni tí ó fẹ́ súfèé, èyí tí ó fi ń fa ewé jáde láàárín òkúta. Ẹ wá fi kole tang, Ctenochaetus strigosus, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni èyí, ó ní ìlà tín-ín-rín lára àti òrùka ìyeyè yí ojú rẹ̀ ká, kì í sì í sábà gùn ju 18 sẹ̀ǹtímítà lọ. Eyín rẹ̀ rí bí irun búrọ́ọ̀ṣì, nítorí náà kì í já ewé. Ohun yíyọ̀ tí ó máa ń bo òkúta àti gíláàsì ni ó ń fá. Ẹnì kan ń já ẹ̀fọ́, ẹnì kejì ń fọ ìkòkò, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ wọn kì í fi sábà di ti orogún. Àwọn méjèèjì yìí ni èmi yóò kọ́kọ́ dámọ̀ràn.

Bí a bá fi blue tang, Paracanthurus hepatus, rọ́pò kole, ìjà kò ní pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìrísí rẹ̀ yàtọ̀, ó sì tún ń jẹ àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ń léfòó nínú omi. Ibi tí ó ti gba ìnáwó ni ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tí a rà nígbà tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ lè di ẹja 30 sẹ̀ǹtímítà, àìsàn àmì funfun tí kòkòrò àìfojúrí Cryptocaryon irritans ń fà kì í sì í pẹ́ mú un. (Bí ẹ bá bá a tí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárín òkúta bí òkú, ẹ má tètè bú sẹ́kún, bí ẹ̀rù bá bà á, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe.)

Yellow tang méjì péré nínú àpótí ilé kò dára, nítorí pé ọ̀kan yóò lé èkejì wọ igun títí kò fi ní lè jẹun mọ́. Powder blue, Acanthurus leucosternon, lẹ́wà ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n oníjà ni, ó sì nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú omi. N kò ní gba ẹnikẹ́ni tí iná rẹ̀ ń ṣe ségesège níyànjú láti rà á.

Ọ̀rọ̀ iná yìí àti ti àpótí fúnra rẹ̀ ni ó tó kí a fara balẹ̀ wò. Àpótí tí ó gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, tí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 50, gba 300 lítà omi. Tang kan ṣoṣo ni kí ó wà níbẹ̀. Èyí tí ó gùn ní 180, tí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 60, gba 648 lítà, níbẹ̀ ni a ti lè máa sọ̀rọ̀ ẹja méjì, nítorí pé gígùn ni tang ń lò ju gíga lọ. Omi rẹ̀ nìkan wúwo ju 600 kìlógíráàmù lọ, kì í ṣe ohun tí a ń gbé sí orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láì bi kọ́lékọ́lé. Iyọ̀ inú òkun tó nǹkan bí 35 gíráàmù nínú lítà kan, nítorí náà kíkún àkọ́kọ́ yóò jẹ nǹkan bí 23 kìlógíráàmù iyọ̀ tí a ṣe fún ẹja òkun. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè ṣe é. Bí oòrùn tàbí ọyẹ́ bá fa omi lọ, omi aláìníyọ̀ ni kí ẹ fi dí i, nítorí pé iyọ̀ kì í bá omi fò lọ.

Àpótí ńlá náà ní àǹfààní mìíràn lórí kékeré: kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù, èyí tí ó ṣe pàtàkì nígbà tí iná bá lọ ní Mọdákẹ́kẹ́ tàbí ní Sábó, tí ẹ̀rọ tí ń da omi sì dúró. Kí ẹ tó ra ẹja kejì, ẹ kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì. Owó náà kò tó ti ẹja kan.

Ẹja tí ẹ ó rà ní Èkó yóò rin nǹkan bí 200 kìlómítà nínú ọ̀rá, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n fi ọ́síjìn sí i. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ó jẹun lójú yín, kí ẹ sì wo ikùn rẹ̀, kí ó má jìn wọnú. Bí ẹ bá rí èyí tí a bí sọ́dọ̀ ènìyàn, tí kì í ṣe èyí tí a mú nínú òkun, ẹ mú un. Láti 2015 ni wọ́n ti ń rí yellow tang bí bẹ́ẹ̀ ní Hawaii, oúnjẹ tí ènìyàn ń fúnni sì ti mọ́ ọn lára. Ẹ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, kole ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí yellow tang tẹ̀lé e, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò pe ilé ní tirẹ̀. Bí yellow tang bá ti wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ tún òkúta tò, kí ẹ sì fi àjèjì náà sínú àpótí kékeré tí ó mọ́ gaara, tí ó sì ní ihò, fún ọjọ́ mélòó kan nínú omi kan náà, títí onílé yóò fi gbàgbé láti máa na ìrù sí i.