Áàpù tí mo fi múra fún ìdánwò CLP (ìwé àṣẹ ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ ńlá) ní Texas: máàkì kan ló dá mi padà

19 nínú 25. Ohun tí kọ̀ǹpútà gbé sójú mi nìyẹn ní ọ́fíìsì DPS, iléeṣẹ́ ìjọba Texas tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ awakọ̀, ní Houston níbí, lọ́jọ́ tí mo lọ ṣe ìdánwò air brake (bíréèkì tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́). 20 ni wọ́n fi ń yege. Mo ti ṣe General Knowledge, ìbéèrè 50, mo gba 46. Combination, ìyẹn ti ọkọ̀ tó ń fa tírélà, náà ò fún mi ní wàhálà. Air brake yìí ló dá mi padà sílé, mo sì mọ ìbéèrè tó gbé mi ṣubú, torí bí mo ṣe rí i ni inú mi dùn pé mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ti kún, ẹ ti pa ẹ́ńjìnì, ẹ ti tú hánbíréèkì sílẹ̀, ẹsẹ̀ yín ò sí lórí bíréèkì. Orí ọkọ̀ àti tírélà tó so pọ̀ mọ́ra: láàárín ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ tó jò kò gbọ́dọ̀ tó mélòó? Mo tẹ 2 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́). Áàpù tí mo fi dọ́là 25 rà ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ìgbàkígbà tí mo bá sì tẹ 2, á ní mo gbà á. 2 wà fún ọkọ̀ tí kò fa nǹkan kan. Tí tírélà bá wà lẹ́yìn, 3 ni.

Mo jókòó sínú mọ́tò, mo ṣí ìwé awakọ̀ tí ìjọba Texas gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, abala 5. Ó wà níbẹ̀ gbagada. Ìyàwó mi pè, ó ní, “Bàbá Tósìn, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé ká máa yọ̀?” N ò mọ ohun tí màá sọ.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù náà lálẹ́ ọjọ́ náà. Èsì àkọ́kọ́ ní kí n yọ áàpù kúrò lórí fóònù kí n tún gbé e sí i. Èsì kejì ò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ ní lẹ́tà kan. Ìbínú gbà mí lọ́rùn. Mo ya fọ́tò ìbéèrè wọn, mo ya ojú ìwé ìjọba, mo to méjèèjì pọ̀, mo fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún. Obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ wọn ni. Ó ní kí n dúró kí òun ṣí ìwé náà fúnra òun. Mo ń gbọ́ ọ tó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́, ó dákẹ́, ó wá ní, “Ẹ má bínú, sà. Àwa la ṣì í.” Kò bá mi jiyàn rárá. Ó dá owó mi padà kí n tó béèrè. Ó wá ṣàlàyé ohun tí áàpù wọn ò sọ fún mi fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: tírélà ní rọ́bà afẹ́fẹ́ tirẹ̀, ojú ìsopọ̀ pọ̀ sí i, ibẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ ti ń jò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fàyè gbà á díẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ yẹn, n ò ṣì í mọ́. Nígbà tó fi máa di alẹ́, wọ́n ti tún ìbéèrè náà ṣe, mo yẹ̀ ẹ́ wò.

Áàpù náà dáa níbòmíràn o. Ó máa ń ka ìbéèrè sétí mi tí mo bá ń to páálí lóru níbi iṣẹ́. Àwòrán spring brake tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ kó yé mi pé tí afẹ́fẹ́ bá ti jò dé nǹkan bíi 20 sí 45 psi, sípíríǹgì fúnra rẹ̀ ló ń di bíréèkì mú.

Àmọ́ ìpolówó wọn pé ẹ ó gba CDL (ojúlówó ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ ńlá) láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ní CLP lọ́wọ́ fún ọjọ́ 14 ó kéré tán kí ẹ tó lè ṣe ìdánwò ọkọ̀ wíwà. Láti oṣù kejì ọdún 2022, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba Class A (CDL ti ọkọ̀ tó ń fa tírélà ńlá) gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ELDT pẹ̀lú, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí ìjọba fi dandan lé fún awakọ̀ tuntun. Owó ilé ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe kékeré, ó yẹ kéèyàn ti mọ̀ kó tó náwó.

Mo padà lọ, mo gba 24.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ìyàwó mi ní 2 ló tọ́ sí wọn, àmọ́ mo fún obìnrin yẹn ní ìràwọ̀ méjì tó kù.