Ẹ ka nọ́ńbà inú jákẹ́ẹ̀tì M-65 kí ẹ tó sanwó o

Ẹ̀yin tí a jọ ń kó aṣọ sójà Amẹ́ríkà àtijọ́ jọ, ẹ fura. Ọkùnrin kan wà tó máa ń pàtẹ ní ọjà òpin ọ̀sẹ̀ níbí ní Georgia, tó tún ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jákẹ́ẹ̀tì M-65, irú èyí tí àwọn sójà Amẹ́ríkà ń wọ̀ lójú ogun, ló ń tà jù, gbogbo rẹ̀ ló sì ń pè ní ti ogun Vietnam. Ó ti gba 280 dọ́là lọ́wọ́ mi.

Kì í ṣe pé ojú mi ò là sí aṣọ. Ọjà Kàtángówà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣa òkìríkà, mo mọ aṣọ tó gbó fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbó. Àmọ́ bàbá yìí mọ ìtàn í pa. Ó ní sójà kan tó jà ní Vietnam ló ni ín, opó rẹ̀ ló tà á fún òun. Orúkọ rẹ̀ nìyí láyà, báàjì 1st Cavalry, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, tó ní àwòrán orí ẹṣin, nìyí léjìká. Ìtàn náà dùn débi pé mi ò tú inú aṣọ wò. Ilé ni mo dé kí n tó ka lébẹ́ẹ̀lì: DLA100-82.

Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ra aṣọ fún àwọn sójà wọn nígbà ogun yẹn ni Defense Supply Agency, ìdí nìyẹn tí DSA fi ń ṣáájú nọ́ńbà kọ́ńtíráàtì. Ọdún 1977 ni orúkọ yí padà sí Defense Logistics Agency, tí DLA wá dé. Nọ́ńbà méjì tó tẹ̀lé 100 ló ń sọ ọdún ìṣúná tí wọ́n gbé kọ́ńtíráàtì síta: DSA100-68, ti 1968 nìyẹn. Saigon, olú-ìlú Gúúsù Vietnam, ti ṣubú láti 1975, ogun sì ti parí. Ta ló wá wọ jákẹ́ẹ̀tì 1982 lọ jà níbẹ̀? Àfi kó jẹ́ àkúdàáyà.

Tí apá ibẹ̀ bá ti parẹ́, ẹ wá nọ́ńbà ẹrù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8415. Ẹyọ nọ́ńbà mọ́kànlá ló ní tẹ́lẹ̀. 1974 ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́tàlá, torí náà tí ẹ bá ka mẹ́tàlá, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n rán an.

Mo pè é. Ó ní télọ̀ ló pààrọ̀ lébẹ́ẹ̀lì. Télọ̀ wo ló ń pààrọ̀ lébẹ́ẹ̀lì ìjọba? Látìgbà náà, àwọn tó ń gbé síta kò ní lébẹ́ẹ̀lì mọ́ rárá, ó ti gé gbogbo rẹ̀ dànù. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kó yé yín o: jákẹ́ẹ̀tì yẹn kì í ṣe ayédèrú, báàjì náà sì lè má jẹ́ ayédèrú. Ìgbéyàwó wọn ni irọ́. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì UV, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó wò, ẹ tàn án sí etí báàjì nínú òkùnkùn. Tí aṣọ fúnra rẹ̀ kò bá tàn, tó jẹ́ òwú tó yí báàjì ká nìkan ló ń tàn yòò, ó jọ pé òwú tuntun ni wọ́n fi rán an. Bí gbogbo aṣọ bá ń tàn, ẹ má tíì pariwo olè. Ọṣẹ ìfọṣọ òde òní máa ń mú kí ojúlówó pàápàá tàn.

Mo gbọ́ pé ó ti bọ́ sórí M-42 báyìí, aṣọ àwọn tó fi páráṣúùtì balẹ̀ sí Normandy ní 1944. Owó ńlá ni ìyẹn. Àwọn tó ń ṣeré ogun àtijọ́ ní ẹ̀dà tuntun tí wọ́n ń rà, kò sì ṣòro láti rẹ ẹ̀dà sínú tíì kó lè dà bí arúgbó.

Ó máa ní kí ẹ fi PayPal sanwó bíi pé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ lẹ ń fowó ránṣẹ́ sí. Ẹ kọ̀. Tí ẹ bá san án bẹ́ẹ̀, PayPal ò ní bá yín gbà á padà.

Tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi, òtútù ni mo ń fi í gbà. Ẹni tó bá fẹ́ rí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kó sọ, màá fi fọ́tò ránṣẹ́. Mi ò tiẹ̀ lè fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi l'Ágége: sójà tó bá rí i lọ́rùn rẹ̀ kò ní dúró ka nọ́ńbà.