Àgbéyẹ̀wò Mercedes 911: Lọ́rì Àtijọ́ Tí Sípánà Ṣì Ká

Ẹni tó bá fẹ́ ra lọ́rì àtijọ́ tí yóò máa tún ṣe nítorí pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà, tí kì í ṣe pé ó fẹ́ fi kó ẹrù pawó, mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún un lórí Mercedes 911, onímú kúkúrú tí gbogbo wa mọ̀ lójú títì. Kò ní kọ̀ǹpútà. Kò sí wáyà tó ń sọ fún ẹ́ńjìnnì ohun tí yóò ṣe. Ohun gbogbo tó wà lára rẹ̀ ni sípánà ká, ohun tó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ máa ń jẹ́ kí ojú rí i, tàbí kí etí gbọ́ ọ, kó tó dá ọkọ̀ dúró. Ibi tí mo ti yọ máàkì rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà báyìí ti jìyà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi mánéèjì wa á. Ẹ̀bi ìyẹn kò sí lọ́rùn ọkọ̀ náà, àmọ́ ẹni tó bá rà á ni yóò tún un ṣe.

Nọ́ńbà 911 yẹn ní ìtumọ̀. 9 ni iye tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ yẹ kó wọ̀n pa pọ̀. 11 ń tọ́ka sí agbára ẹṣin bíi 110. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń wo férémù ọkọ̀ tí wọ́n ti fi ru yanrìn fún ogún ọdún. Ọdún 1959 ni irú lọ́rì onímú kúkúrú yìí jáde ní Jámánì, wọ́n sì ń tà á níbẹ̀ títí di 1977, àmọ́ títà sí ilẹ̀ òkèèrè kò dúró síbẹ̀. Ní tiwa, ilé iṣẹ́ ANAMMCO ní Emene, Enugu, to 911 pọ̀ láàárín àwọn ọdún 1980. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ ó rí fi kéré lọ́jọ́ orí ju bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni OM352: sìlíńdà 6, lítà 5.7, fífẹ̀ sìlíńdà 97 mílímítà, ìrìn píìsìtìnnì 128. Dísẹ́lì ń wọ inú rẹ̀ tààrà láìsí yàrá kékeré láàárín, nítorí náà kò nílò páálọ́ọ̀gì oníná tí yóò kọ́kọ́ gbóná kó tó ta. Bí ara rẹ̀ bá dá, àárọ̀ kùtùkùtù ọyẹ́ pàápàá, yíyí kan ni. Bí ẹ bá rí èyí tó nílò kí wọ́n tì í tàbí kí wọ́n da nǹkan sí ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, ó ní àìsàn, ọ̀nà tí dísẹ́lì ń gbà ni mo sì máa ń kọ́kọ́ tọ̀.

Àìsàn tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ sùn mọ́jú, dísẹ́lì padà sẹ́yìn sínú táǹkì, ní àárọ̀ sítátà á máa yí, kò ní ta. Àwọn mẹkáníìkì kan á ní páǹpù ló kú, wọ́n á sì gba owó páǹpù. Ẹ kọ́kọ́ fi ike rọ́bà tó mọ́ gaara sí ẹnu páǹpù kékeré tó ń fa dísẹ́lì láti táǹkì, kí ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ sì wò ó. Bí ẹ bá rí èéhó tó ń kọjá nínú rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ẹ̀yìn ibẹ̀ nìyẹn. Ibi tó ti sábà máa ń wọlé kò ju mẹ́ta lọ: wọ́ṣà bàbà abẹ́ bólíìtì oníhò tí wọ́n ti tú tí wọ́n sì dè lẹ́ẹ̀mẹwàá láìpààrọ̀ rẹ̀, rọ́bà dísẹ́lì tó ti ya lábẹ́ kílíìpù, àti ìdí ọwọ́ páǹpù tí a fi ń fún dísẹ́lì.

Láti lé afẹ́fẹ́ náà jáde, ẹ tú síkúrù orí fíltà, ìyípo méjì péré, kí ẹ máa fún páǹpù ọwọ́. Ohun tí yóò kọ́kọ́ jáde máa ń funfun bí ọṣẹ. Ẹ máa fún un lọ títí tí yóò fi mọ́, kí ẹ sì dè é nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà lórí páǹpù. Ẹ ṣe bákan náà sí síkúrù ara páǹpù ńlá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà 17 tú nọ́ọ̀tì páìpù tó lọ sí nọ́súlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà (ohun tó ń tu dísẹ́lì sínú sìlíńdà) ní ìdajì yíyí, kí ẹnì kan yí sítátà, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, kí sítátà sinmi fún ìṣẹ́jú kan kó tó tún yí i. Èyí tó bá ti ń tu dísẹ́lì jáde ni kí ẹ dè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ dí ibi tí dísẹ́lì ti ń tu. Agbára tó fi ń jáde lẹ́nu nọ́súlù ń gún awọ wọ inú ẹran ara, ilé ìwòsàn ni yóò gbé ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Nọ́súlù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí nígbà tí agbára dísẹ́lì bá dé nǹkan bí bar 200 lórí ẹ̀rọ ìdánwò. Bí ó bá ti ń ṣí nísàlẹ̀ 180, ó ti gbó, tàbí kí síríìngì inú rẹ̀ ti rọ̀. Kí dísẹ́lì rẹ̀ jáde bí ìrì, kó má kán lẹ́nu lẹ́yìn tó bá dákẹ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdánwò náà, kí ẹ dúró tì í, kí ẹ fi ojú ara yín rí abẹ́rẹ́ gééjì. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í wò: wọ́ṣà bàbà ìdí nọ́súlù. Bí ẹ bá fa nọ́súlù jáde, tí wọ́ṣà kò bá a jáde, ó ṣì wà nísàlẹ̀ ihò. Ẹni tó bá fi tuntun lé e lórí ti gbé ẹnu nọ́súlù sókè, dísẹ́lì kò ní tu síbi tó yẹ mọ́, èéfín dúdú á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tún padà wá sórí páǹpù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà. Irin tó mọ́ ló yẹ kí ẹ rí níbẹ̀. Bí ẹ bá rí òrùka pupa rúsúrúsú, wọ́ṣà àtijọ́ ni.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n lójú kan, ìdánwò tí kò gba kọ́bọ̀ wà. Kí ó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́súlù kan díẹ̀, kí ẹ tẹ́tí. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, sìlíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá yí padà rárá, àìsàn wà níbẹ̀: nọ́súlù, fáàfù tàbí ríìngì píìsìtìnnì.

Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn títún àlàfo kékeré orí fáàfù ṣe, ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lára ọkọ̀ yìí, nítorí pé fíílà gééjì, ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo náà, kò mọ ẹnu dídùn. 0.20 mílímítà fún fáàfù tó ń fa afẹ́fẹ́, 0.30 fún èyí tó ń lé èéfín, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ètò títa rẹ̀ ni 1-5-3-6-2-4, sìlíńdà 1 sì ni ti ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú, kí ẹ máa wo sìlíńdà 6. Nígbà tí fáàfù rẹ̀ méjèèjì bá pàdé, tí ọ̀kan ń padé tí èkejì sì fẹ́ ṣí, ẹ ṣe tápẹ́ẹ̀tì 1. Bí ti 2 bá pàdé, ẹ ṣe 5. Ti 4, ẹ ṣe 3. Ti 1, ẹ ṣe 6. Ti 5, ẹ ṣe 2. Ti 3, ẹ ṣe 4. Ẹ má fi ojú lásán dá fáàfù mọ̀. Ẹ wo páìpù tí ihò rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Gééjì náà yẹ kó fa díẹ̀ bí ẹ bá ń yọ ọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fa bébà láàárín ìwé tó padé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti de nọ́ọ̀tì, ẹ tún wọ̀n ọ́n, nítorí pé dídè yẹn gan-an máa ń yí síkúrù. Èyí tó fún jù burú ju èyí tó rọ̀ lọ: èyí tó rọ̀ á máa kan gbàmù-gbàmù, ẹ ó gbọ́; èyí tó fún á dákẹ́, á sì máa jó fáàfù títí agbára fi lọ.

Ọ̀rọ̀ omi ni ibi tí wọ́n ti pa 911 jù nílẹ̀ wa. Omi kànga tó ní iyọ̀ àti ẹfun ni wọ́n ń bu sí rédíétọ̀, wọ́n sì ń yọ tẹmọsítátì sọnù pé kí ẹ́ńjìnnì má gbóná. Yíyọ yẹn gan-an ló ń dá kún gbígbóná. Tẹmọsítátì yìí kì í ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ nìkan, ó tún ń dí ọ̀nà kékeré tó ń dá omi padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀nà kékeré á wà ní ṣíṣí títí, apá kan omi kò ní dé rédíétọ̀ rárá, ẹrù àti òkè á sì fi hàn. Lọ́jọ́ tí kò sí ẹrù, ẹ́ńjìnnì á tutù jù, dísẹ́lì tí kò jó á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. Ẹ dá a padà. Ẹ lo omi òjò tàbí omi bátìrì pẹ̀lú kúláńtì tó ń lé ìpatà, ìdajì sí ìdajì. Lábẹ́ páǹpù omi, ihò kékeré kan wà: bí omi bá ń kán níbẹ̀, síìlì inú rẹ̀ ti tán, ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí i, nítorí bèárìnnì ni omi náà yóò kàn.

Bí ó bá ti gbóná rí, ẹ fura sí orí ẹ́ńjìnnì. Orí kan ṣoṣo ló bo sìlíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó gùn, ó sì máa ń tẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ fi irin títọ́ lé e láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí ẹ fi fíílà gééjì wá àlàfo lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ra gásíkẹ́ẹ̀tì. Àárín ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í de bólíìtì, a ó máa lọ sí ìta, ní ìpele mẹ́ta, pẹ̀lú tọ́ọ̀kù sípánà tó ń wọn bí a ṣe dè é le tó, kì í ṣe pẹ̀lú páìpù gígùn. Ẹ wo ìwé ẹ́ńjìnnì yín fún agbára tí bólíìtì fẹ́, torí kò dọ́gba láti ọdún dé ọdún. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún bólíìtì dè, ẹ sì tún tápẹ́ẹ̀tì wọ̀n.

Fíltà afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti àwo ọ́ìlì, ó sì dára fún eruku wa. Ẹ fi dísẹ́lì fọ̀ ọ́, kí ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun sí i dé ojú àmì. Kó má kọjá àmì! Ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù níbẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì á fà mu, á sì fi ọ́ìlì yẹn sáré tí okùn tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì kò ní lè dá a dúró. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, pákó tó nípọn ni ẹ fi dí ẹnu afẹ́fẹ́, ẹ má fi ọwọ́ dí i.

Bíréèkì rẹ̀: ọ́ìlì bíréèkì ló ń ti bàtà inú dúróòmù, afẹ́fẹ́ láti kọ̀mpùrẹ́sọ̀ ló ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́. Nítorí náà àìsàn méjì ló wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Bí pẹ́dáálì bá le bí òkúta, ọ̀ràn afẹ́fẹ́ ni; bí ó bá rì wọlẹ̀, ọ̀ràn ọ́ìlì ni. Ẹ ṣí síkúrù abẹ́ táǹkì afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́ tí ẹ bá lò ó. Omi tó bá jáde tó dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì dúdú ń sọ pé ríìngì kọ̀mpùrẹ́sọ̀ ti ń jẹ. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà wíìlì sìlíńdà ọ̀tún àti òsì áàsìlì kan náà lẹ́ẹ̀kan, kí ọkọ̀ má baà fà sápá kan.

Síríìngì àti kíńgípìnnì, irin tí wíìlì iwájú fi ń yà, kò fẹ́ ju gírísì lọ. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó fún un ní gírísì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìsàlẹ̀ kò ní rí nǹkan jẹ. Yùbólíìtì tuntun, èyí tó de síríìngì mọ́ áàsìlì, ẹ tún un dè lẹ́yìn kìlómítà 100, torí ewé síríìngì máa ń jókòó.

Ohun tí mo kórìíra jù lára 911 ni ríìmù olórùka. Òrùka irin tó di táyà mú yẹn ti pa fọkanáísà. Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan, ẹ yọ àtẹ́gùn táyà tán, kí ẹ yọ ojú fáàfù rẹ̀. Òrùka tó bá ti tẹ̀ tàbí tí ìpatà ti jẹ ẹnu rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Inú àgò irin ni kí ẹ ti fẹ́ ẹ, kí ẹ fi páìpù gígùn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ má dúró níwájú rẹ̀.

Ní ti pátì, Ladipo ní Èkó àti Araromi ní Gate, Ìbàdàn, ṣì ní ohun tó pọ̀. Láti Brazil ni èyí tó dára ti ń wá jù lójú tèmi, nítorí pé ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ni wọ́n fi sínú L-1113 tí wọ́n ṣe níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tata ti Íńdíà náà ní ẹ́ńjìnnì tó ti ìdílé kan náà wá, àwọn oníṣòwò á sì sọ pé “ọ̀kan náà ni.” Ẹ mú fẹ́níà, ohun ìwọ̀n tó ń wọn ìdá mílímítà, dání. Ẹ wọn píìsìtìnnì lójú ìta ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wọn pìnnì rẹ̀, kí ẹ sì wọn láti pìnnì dé orí píìsìtìnnì. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, òun ló sì ń jẹ́ kí píìsìtìnnì kan fáàfù.

Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ dé ibẹ̀ ní àárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Ẹ fọwọ́ kan ara ẹ́ńjìnnì: bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tan án dè yín. Bí ó bá tutù, ẹ tan án, kí ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Atẹ́gùn díẹ̀ kò burú. Bí ó bá ń fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ẹ gbọ́dọ̀ yọ owó ríìngì, síìlíìfù (àpò irin tí píìsìtìnnì ń rìn nínú rẹ̀) àti ọwọ́ iṣẹ́ kúrò nínú iye tí wọ́n ń pè.