Àmàlà yìí dùn, rìsíìtì rẹ̀ ni kò dùn

Ilé àmàlà kan wà ní Ṣúrùlérè, kò jìnnà sí Ojúẹlẹ́gba, tí mo máa ń yà sí lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Àmàlà wọn dúdú minimini, kò ní kókó, gbígbóná ló sì máa ń dé. Gbẹ̀gìrì wọn ò ṣomi, ewédú sì ń yọ̀ bó ṣe yẹ. Ògúnfe ni kí ẹ bèèrè. Ṣàkì le díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Rìsíìtì ló ń dùn mí. Oúnjẹ èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ lọ jẹ́ ₦8,000. VAT, ìyẹn owó orí ọjà, 7.5% gorí ẹ̀, ₦600. Owó orí oúnjẹ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 5%, tún gorí ẹ̀, ₦400. Ẹgbẹ̀rún kan náírà gbáko fún ẹni tí kò dáná, tí kò fọ abọ́! Bẹ́ẹ̀ èlùbọ́ tí ẹ bá rà lọ́jà kò ní VAT nínú o, àfi tí ilé oúnjẹ bá rò ó fún yín. Ní 1993 tí òfin VAT jáde, 5% ni. Oṣù kejì 2020 ló di 7.5%. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026 ò dín in kù. Bí wọ́n ṣe ń pín in láàárín ara wọn ni wọ́n tún ṣe. Ti ìjọba àpapọ̀ kúrò ní 15%, ó di 10%. Ti àwọn ìpínlẹ̀ kúrò ní 50%, ó di 55%. Alámàlà ò sí níbi ìpín.

Ẹ̀gbọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, ní ta ló ṣe títì tí a gbà wá. Mo gbà. Títì, kóòtù, ọlọ́pàá: kí ìjọba ṣe ìyẹn, kí wọ́n dúró síbẹ̀. Ìyá tó ni ilé oúnjẹ yìí ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Òun ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀, òun ló ń san owó ọdẹ àti owó PSP tó ń kó ìdọ̀tí. Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú owó àmàlà kí VAT tó dé rárá. Ẹ̀gbọ́n ní tí kò bá sí owó orí, kí ni wọ́n máa fi san owó oṣù àwọn? Mi ò fèsì, torí àwọn ni wọ́n sanwó oúnjẹ lọ́jọ́ náà.

Mo yin ìyá náà ní ti pé ó ń kọ owó orí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn mìíràn á pò ó mọ́ owó ẹran ni, ẹ ò ní mọ ohun tí ẹ san.

Ẹ tètè dé kí aago kan tó lù. Ìgbín kì í pẹ́ tán, ibi ìgbọ́kọ̀sí ò sì pọ̀.