Kóńgò tí ìgbìmọ̀ College Football Playoff fi ń wọn ikọ̀

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ti ìgbìmọ̀ College Football Playoff, ìyẹn àwọn tí wọ́n máa ń pàdé ní Grapevine, ní ìpínlẹ̀ Texas, láti pinnu àwọn ikọ̀ yunifásítì tí yóò du ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Fún àwa tí a dàgbà sí ẹ̀bá pápá ìṣeré Adamásingbà, tí a mọ̀ pé iye àmì tí Shooting Stars bá kó jọ ni yóò sọ ipò rẹ̀ lórí tábìlì, ó lè yani lẹ́nu pé ènìyàn ni ó ń jókòó yan ẹni tí yóò díje. Àmọ́ ó ní ìdí. Àwọn ikọ̀ tí ó wà ní ìpele òkè níbẹ̀ lé ní 130, ìdíje bíi 12 péré sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbá nínú sáà, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn kì í pàdé ara wọn rárá. Láti 1998 títí di sáà 2013, kọ̀ǹpútà àti ìbò ni wọ́n fi ń mú ikọ̀ méjì péré. Lọ́dún 2004, Auburn borí gbogbo ẹni tí ó pàdé, síbẹ̀ kò rí ààyè dé àṣekágbá. Ìgbìmọ̀ yìí dé ní 2014 pẹ̀lú ààyè mẹ́rin, ó sì di méjìlá ní 2024.

Òṣùwọ̀n wọn ni n kò fara mọ́. Ẹni tí ó bá mọ ọjà Bódìjà dáadáa, kí ó tó jẹ́ kí ìyá ẹlẹ́wà bu ọjà fún un, yóò kọ́kọ́ wo ìdí kóńgò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Ìgbìmọ̀ yìí kọ ohun tí wọ́n ń wò sílẹ̀ ní tòótọ́: bí àwọn alátakò ṣe le tó, ẹni tí ó gba ife lígì rẹ̀, ẹni tí ó na ẹnì kejì nígbà tí wọ́n pàdé, títí kan àìsí agbábọ́ọ̀lù pàtàkì. Èyí tí ó wúwo ju èkejì lọ nínú wọn ni wọn kò kọ.

Ẹ wo Florida State ní 2023. Wọ́n gbá ìdíje 13, wọ́n sì borí nínú gbogbo rẹ̀. Jordan Travis, ẹni tí ó ń darí eré wọn, ti fara pa lẹ́sẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọmọ ọdún kìíní rọ́pò rẹ̀ nínú àṣekágbá lígì wọn, wọ́n sì na Louisville 16 sí 6. Ìgbìmọ̀ ní ikọ̀ náà kì í ṣe irú èyí tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Alabama, tí Texas ti nà lóṣù Kẹsàn-án, ni wọ́n fi sí ààyè kẹrin. Àwọn kan ń fi 63 sí 3 tí Georgia fi na Florida State lẹ́yìn náà dá ìgbìmọ̀ láre, bí ẹni pé wọn kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ náà kò gbá lọ́jọ́ náà rárá.

Ti 2025 tilẹ̀ bí mi nínú jù, bí mo tilẹ̀ gbà pé ẹni tí ó yẹ ni wọ́n mú. Miami na Notre Dame 27 sí 24 ní ìparí oṣù Kẹjọ. Àwọn méjèèjì parí ìdíje méjìlá wọn pẹ̀lú ìborí mẹ́wàá àti ìpàdánù méjì, síbẹ̀, nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí ìgbìmọ̀ ń gbé jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń to Notre Dame ṣáájú. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, tí ìkankan nínú wọn kò gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n yí ipò wọn padà: Miami wọlé, Notre Dame sì já síta. Àlàyé wọn ni pé BYU, ikọ̀ mìíràn tí ó wà láàárín wọn, ti já wálẹ̀, Miami àti Notre Dame wá di alábàágbé, ìgbà yẹn ni àwọn tó wo ẹni tí ó na ẹnì kejì. Ṣé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹjọ kò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó fi di oṣù Kọkànlá ni? Notre Dame bínú débi pé wọ́n kọ̀ láti gbá ìdíje mìíràn ní sáà náà. N kò gbè wọ́n lẹ́yìn nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ó yé mi.

Iṣẹ́ wọn ní dáadáa tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kan yunifásítì tí ń san owó fún ọmọ ìgbìmọ̀ kan, ńṣe ni olúwarẹ̀ ń jáde kúrò nínú yàrá, ohun tí a kì í sábà rí nílé níbí. Ààyè méjìlá náà sì ti ran àwọn kan lọ́wọ́: Penn State, tí Olumuyiwa Fashanu gbá fún títí di 2023, kò wọlé rí nígbà tí ààyè jẹ́ mẹ́rin; lẹ́yìn tí Fashanu lọ tán ni wọ́n tó wọlé, wọ́n sì dé ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá.

Ìràwọ̀ méjì ààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Bí wọ́n bá kéde ìwọ̀n ohun kọ̀ọ̀kan kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, n ó sọ ọ́ di mẹ́rin. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa tẹ̀lé wọn láti Ìbàdàn, kí ó má fi dátà ṣòfò lórí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ó máa ń bọ́ sí òru lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n sì lè yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù. Ìkéde ìkẹyìn, lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kejìlá, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ níbí, ni kí ó dúró dè.