Palm Zire lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá (ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004): ẹ̀rọ tó ń bá mi ka ọjọ́ ọjà ìyá mi

Aṣọ òfì ni ìyá mi ń tà. Ní gbogbo ìtàdógún, wọn a di ẹrù wọn, wọn a kọjá sí ọjà Ọjẹ́ n'Ìbàdàn, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ènìyàn ń pè wọ́n. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní Houston níbí, mo ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bí mo bá jáde ní aago méje àárọ̀, aago méjì ọ̀sán ti lù lọ́dọ̀ wọn nígbà òtútù, ọjà sì ti kún fọ́fọ́. Bí mo bá pè, ariwo lásán ni n ó gbọ́, káàdì ìpè mi a sì ti jẹ tán. Ohun tó gbé mi dé ìdí Palm Zire, ẹ̀rọ ìrántí alátẹ́lẹwọ́ tí ènìyàn ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti àkọsílẹ̀ sí, nìyẹn, òun àti àjọ tí àwa méjìlá jọ ń dá, tó jẹ́ pé èmi ni olórí rẹ̀.

Oṣù kejìlá 2002 ni mo lọ rà á. Mo ti kọ́kọ́ lo ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìrántí kékeré oníbọ́tìnì tí owó wọn kò ju ogún dọ́là lọ. Bọ́tìnì rẹ̀ há jù fún ìka mi, kò sì sí ọ̀nà tí mo lè fi da ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Mo wo HP iPAQ h1910, ojú rẹ̀ aláwọ̀ mèremère wù mí gan-an, ṣùgbọ́n dọ́là 299 ni. Palm m105 ní iná lójú àti àyè ìrántí 8MB, àmọ́ bátìrì AAA méjì ló ń lò, n kò sì fẹ́ máa fi owó oúnjẹ ra bátìrì. Dọ́là 99 ni Zire, bátìrì rẹ̀ wà nínú, ẹ ó kàn ki okùn iná bọ̀ ọ́. Mo mú un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí 99 yẹn rà. Ìrántí rẹ̀ kò ju 2MB. Ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀, àmì kéékèèké 160 lọ́nà 160 ló para pọ̀ di ohun tí à ń rí níbẹ̀, kò sí ihò tí ènìyàn lè ti káàdì ìrántí bọ̀, kò sì sí iná. Ọ̀rọ̀ 2MB kò dà mí láàmú rí, nítorí orúkọ, ọjọ́ àti àkọsílẹ̀ kì í gba àyè. Ti iná ló kàn mí. Láàárín òru, tí a bá ti dín iná yàrá àwọn arúgbó kù, n kò rí nǹkan kan lójú rẹ̀, àfi kí n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru bíi tèmi, kí ó ro èyí dáadáa kó tó sanwó.

Kíkọ̀wé sí i gba ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó mọ́ mi lọ́wọ́. Graffiti ni wọ́n ń pe irú ìkọ̀wé náà. Ẹ ó kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láìgbé kálámù sókè: A kò ní igi láàárín, T sì jẹ́ ìlà tó lọ sápá ọ̀tún tó wá já sísàlẹ̀. Ní àyè ìkọ̀wé tó wà nísàlẹ̀ ojú rẹ̀, apá òsì ni ti lẹ́tà, apá ọ̀tún ni ti nọ́ńbà. Ní báyìí, mo lè kọ orúkọ ẹni tó san àjọ kí ó tó ka owó rẹ̀ tán.

Ṣùgbọ́n èdè wa kò wọlé tán. Àmì ohùn òkè àti ti ohùn ìsàlẹ̀ wà, à àti á ń jáde bó ṣe yẹ, àmọ́ kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Mo kọ "ose dudu, ose to n bo" sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì ní láti dúró rò ó kí n tó mọ̀ pé ọṣẹ ni mo fẹ́ rà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dùn mí, nítorí orúkọ àwọn ọmọ àbúrò mi náà wà níbẹ̀ láìní àmì nídìí. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo ń lo Note Pad, níbi tí kálámù ti ń ya ohun tí ọwọ́ mi bá yà. Níbẹ̀ mo lè fi àmì sí ìdí ọ fúnra mi. Ẹ̀rọ náà kò lè bá mi wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, torí àwòrán ló kà á sí.

Ibi tí Zire ti gba ọkàn mi ni Date Book, kàlẹ́ńdà inú rẹ̀. Kàlẹ́ńdà ìwé kò mọ̀ ju ọ̀sẹ̀ àti oṣù lọ. Níbí, ẹ lè ní kí ohun kan máa padà wá lẹ́yìn iye ọjọ́ tó bá wù yín. Inú mi dùn, mo fi ọjọ́ ọjà Ọjẹ́ sí i, mo ní kí ó máa padà ní gbogbo ọjọ́ 17, torí mẹ́tàdínlógún ni ìtàdógún. Nígbà tí ọjà kejì ń bọ̀, ẹ̀rọ ní ọ̀la ni, mo bá fi ọkàn balẹ̀ pe ìyá mi. Ariwo àwọn alájàpá ló kọ́kọ́ dé etí mi, wọ́n wá kígbe pé, "Ọjà là ń ná o! Pè mí lọ́la!"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kà á fún mi lórí fóònù, ọjọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọjọ́ ọjà gan-an wà nínú kíkà tiwa. Òun ni ọjọ́ kìíní. Ẹ̀rọ kì í ka ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí. Mo yí i sí 16. Láti ìgbà yẹn kò tíì ṣìnà rí, aago rẹ̀ sì máa ń dún lálẹ́ tó ṣáájú ọjà.

Ohun kan ṣì wà tí ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí bátìrì bá kú pátápátá, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń lọ. Mo lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní òpin 2003, mo sì gbàgbé okùn iná sí Houston. Kí n tó padà, àjọ, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ọjà, gbogbo rẹ̀ ti pa rẹ́. Ẹ̀rù bà mí, torí owó ènìyàn mọ́kànlá wà lọ́rùn mi. Mo gba iná sí i, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo tẹ HotSync, ètò tó ń mú kí ohun inú ẹ̀rọ àti ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lórí kọ̀ǹpútà bára mu, gbogbo rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò, bí ó ṣe wà lálẹ́ tí mo so ó kẹ́yìn ṣáájú ìrìn àjò. Alaalẹ́ Sunday ni mo ń so ó báyìí, n kì í jẹ́ kó di ọjọ́ Monday.

Zire 21 jáde ní October 2003, dọ́là 99 náà ni wọ́n tà á nígbà náà, àyè ìrántí rẹ̀ sì jẹ́ 8MB. Òun náà kò ní iná lójú. Graffiti 2 ló wà nínú rẹ̀, T sì ti di ìlà méjì tó sún mọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ lórí ìwé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni kó rà. Èmi kò ní pààrọ̀ tèmi, nítorí ọwọ́ mi ti mọ́ T àkọ́kọ́ yẹn, àwọn àjọ ọdún yìí sì ti wà nínú rẹ̀ tán.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjà tó ń bọ̀ bọ́ sí. Ọjọ́ Ẹtì ni n ó pè wọ́n.